Ẹ Má Jẹ́ Kí Wizard Yín Kú Sẹ́nu Ọ̀nà

Ní ọjọ́ Sátidé kan ní sáà ẹ̀kọ́ tó kọjá, àbúrò wa kan tó wà ní 100 level wá bá wa jókòó sídìí tábìlì fún ìgbà àkọ́kọ́. Kò ṣe eré Dungeons & Dragons rí. Láti ọjọ́rú ló ti ń kọ ìtàn ẹni tó fẹ́ jẹ́ nínú eré: Wizard kan tó ń jẹ́ Àbẹ̀kẹ́, ọmọ ìyá aláṣọ, tó jí ìwé ọfọ̀ ọ̀gá rẹ̀ gbé tó sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ojú ewé méjì gbáko ló kọ. Nígbà tó kà á tán, gbogbo wa la pàtẹ́wọ́ fún un.

Kò tó wákàtí kan tí eré bẹ̀rẹ̀ tí Àbẹ̀kẹ́ fi kú. Goblin méjì bẹ́ jáde látinú igbó lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n yọ̀ bọ̀rọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Fighter wa, wọ́n dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àbúrò wa wo ìwé iwájú rẹ̀, ó wo ojú wa, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo lè ṣe báyìí?" Ẹnì kan dáhùn pé, "Ju iná lù wọ́n." Ó ju iná, iná tàsé. Goblin àkọ́kọ́ ṣá a, ìkejì náà ṣá a, ó ṣubú. Kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó rí ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti ta dáìsì ikú lẹ́ẹ̀mẹta, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì burú.

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní òun ní assignment tí òun fẹ́ parí, ó kó ìwé rẹ̀, ó dágbére fún wa. Kò padà wá mọ́.

Ẹni tó ní kó ju iná yẹn, èmi ni. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rò ó, ohun tí mo sì rí nínú rẹ̀ ni mo fẹ́ kọ síbí. Gbogbo apọfọ̀ inú eré yìí, ì báà jẹ́ Wizard, Sorcerer tàbí Warlock, ló yẹ kó mọ ohun tó máa ṣe nígbà tí ọ̀tá bá dúró síwájú rẹ̀ tí kò sì sí àyè mọ́ láàárín wọn. Àwa tá a ti pẹ́ nídìí eré la sì jẹ àwọn tuntun ní gbèsè láti kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n kí apọfọ̀ mọ bó ṣe máa yọ lọ́wọ́ ikú yàtọ̀ sí kó gba iṣẹ́ ajagun mọ́ ọn lọ́wọ́. Mo ti ṣe àṣìṣe kejì yẹn náà, màá sọ ọ́ láìfi bò.

Fún ẹ̀yin tí kò mọ eré náà

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde, tẹ́ ẹ máa ń bi wá pé kí ni a máa ń pariwo lé lórí ní gbogbo alẹ́ Sátidé, eré náà kò le. Gary Gygax àti Dave Arneson ló gbé e jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1974. Èèyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún á jókòó. Ẹnì kan á jẹ́ Dungeon Master, òun ló ń sọ ibi tá a dé àti ohun tá a rí, òun náà ló sì ń fi ẹnu gbogbo ọ̀tá sọ̀rọ̀. Àwọn yòókù á mú ẹnì kọ̀ọ̀kan: Fighter tó ń fi idà jà, Cleric tó ń gbàdúrà, Rogue tó ń yọ́ rìn, Wizard tó ń kọ́ ọfọ̀ látinú ìwé. Bí o bá fẹ́ ṣe ohun tó le, wàá ta dáìsì olójú 20. Àwa kò ní dáìsì gidi, orí fóònù la ti ń ta á.

Ìwé òfin wọ́n, ṣùgbọ́n àwa kò san kọ́bọ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, Wizards of the Coast tó ni eré náà gbé àkójọ òfin ìpìlẹ̀ wọn tó ń jẹ́ SRD 5.1 sábẹ́ Creative Commons. Ẹnikẹ́ni lè wà á jáde lọ́fẹ̀ẹ́ kó sì lò ó. Òun la tẹ̀ síta, òun la sì ń lò. Nítorí náà, ohun tí mo máa sọ nísàlẹ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ kò ná ẹnikẹ́ni lówó.

Kí ló pa Àbẹ̀kẹ́?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Wizard ìpele kìíní ní ẹ̀mí 6, pẹ̀lú ìwọ̀nba tí ara líle bá fi kún un. Ti Àbẹ̀kẹ́ jẹ́ 8. Nọ́ńbà ààbò rẹ̀ jẹ́ 12, nítorí kò wọ ẹ̀wù irin. Goblin máa ń fi 4 kún dáìsì rẹ̀ bó bá fẹ́ ṣá èèyàn. Ìyẹn ni pé ojú 13 nínú 20 ló máa bà á. Ìṣá kọ̀ọ̀kan ń gba nǹkan bí ẹ̀mí 5. Ìṣá méjì, ó parí.

Kí wá ni ìmọ̀ràn mi ṣe fún un? Fire Bolt, ìyẹn iná tí mo ní kó jù, jẹ́ ohun tá à ń jù láti òkèèrè. Bí ọ̀tá bá wà láàárín ẹsẹ̀ bàtà 5 sí ọ, òfin ní kí o ta dáìsì méjì kí o sì mú èyí tó kéré. Ojú 11 nínú 20 tí ì bá bá goblin náà bó bá jìnnà wá di nǹkan bí 6 nínú 20. Mo mọ òfin yìí. Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n a ti sọ fún ara wa títí pé "Wizard, dúró sẹ́yìn, máa ju iná" débi pé ọ̀rọ̀ náà ti jáde lẹ́nu mi kí n tó wo ibi tí goblin dúró sí.

Èyí tó tún dùn mí jù ni ọfọ̀ tó yàn. Wizard ìpele kìíní máa ń kọ ọfọ̀ 6 sínú ìwé rẹ̀. Nínú wọn, ó lè múra 4 sílẹ̀ fún ọjọ́ kan bí Intelligence rẹ̀ bá jẹ́ 16 bíi ti Àbẹ̀kẹ́. Àbúrò wa yan èyí tó bá ìtàn rẹ̀ mu: Comprehend Languages láti ka èdè àjèjì, Detect Magic, Identify, àti Disguise Self kí ọ̀gá rẹ̀ má bàa dá a mọ̀. Ó rò ó dáadáa. Ohun tí ẹnì kankan nínú wa kò sọ fún un ni pé mẹ́ta àkọ́kọ́ jẹ́ ọfọ̀ tí Wizard lè wò látinú ìwé kó sì fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá pè láìmúra wọn sílẹ̀. Ipò mẹ́ta ló ṣófo lórí Àbẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ náà. Ipò mẹ́ta tó lè gbà á là.

Ta ló ní kí apọfọ̀ má jà?

Àwọn kan á ní, "Wizard kì í jà, bó ṣe wà láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn." Òótọ́ ni pé òfin 1974 fún Wizard, tí wọ́n ń pè ní Magic-User nígbà náà, ní ọ̀bẹ kékeré nìkan, ó sì fi ẹ̀wù irin dù ú. Ṣùgbọ́n ẹ wo inú ìwé kan náà: Elf lè jẹ́ Fighting-Man lónìí kó sì jẹ́ Magic-User lọ́la. Nígbà tó fi máa di ọdún 1981, nínú Basic D&D, Elf ń wọ ẹ̀wù irin, ó ń mú idà, ó sì ń pọfọ̀ nígbà kan náà.

Ẹ wo àwọn ìwé ìtàn tí Gygax fúnra rẹ̀ tò sẹ́yìn ìwé Dungeon Masters Guide ti 1979 pé àwọn ló fún òun ní èrò. Tolkien wà níbẹ̀, Gandalf rẹ̀ sì gbé idà tó ń jẹ́ Glamdring. Michael Moorcock wà níbẹ̀, Elric rẹ̀ jẹ́ oṣó tí idà rẹ̀ gbajúmọ̀ ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Fritz Leiber wà níbẹ̀, Gray Mouser rẹ̀ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ oṣó kó tó di ọ̀gá nídìí idà. Ìtàn kò pín wọn níyà. Òfin ló pín wọn, kí ẹni kọ̀ọ̀kan lè rí iṣẹ́ ṣe nídìí tábìlì. Ìdí yẹn dára, màá sì padà sórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ètò eré ni. Kì í ṣe bí ayé ṣe rí.

Tiwa ńkọ́? Ẹni tó bá ka Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí Fágúnwà gbé jáde lọ́dún 1938 mọ̀ pé Àkàrà-Oògùn gbé ìbọn dání, oògùn sì wà lára rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ka ìwé náà tó bi í pé iṣẹ́ wo gan-an ló yàn. Nínú ìtàn tiwa, ọdẹ tó mọ ọfọ̀ kò yani lẹ́nu, ọdẹ tí kò mọ̀ ọ́n gan-an ló ń yani lẹ́nu. Nígbà tí àbúrò wa ń kọ ìtàn Àbẹ̀kẹ́, ó kọ ọ́ pé ó fi ọ̀bẹ aláṣọ há ìgbàdí. Ọ̀bẹ yẹn wà nínú ìtàn, kò sí nínú ìwé eré. A kò bá a kọ ọ́ síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, òfin gba Wizard láyè láti lo ọ̀bẹ.

Ohun tí òfin ọ̀fẹ́ fún wa

Bí ọ̀tá bá dé ọ̀dọ̀ apọfọ̀, nǹkan mẹ́ta ló lè ṣe: kó má jẹ́ kó ba òun, kó kúrò níbẹ̀, tàbí kó lù ú padà. Gbogbo wọn wà nínú SRD 5.1.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lórí ààbò. Mage Armor máa ń gbé nọ́ńbà ààbò dé 13, kí o wá fi Dexterity rẹ kún un. Ti Àbẹ̀kẹ́ ì bá di 15, wákàtí 8 ni yóò sì fi wà lára rẹ̀. Goblin tó ń bà á ní ojú 13 nínú 20 ì bá máa bà á ní 10. Shield tún dára ju ìyẹn lọ: lẹ́yìn tí o ti gbọ́ pé ìṣá ọ̀tá bà ọ́ pàápàá, o lè pè é, ó sì máa fi 5 kún ààbò rẹ títí ìgbà tó tún kàn ọ́. Méjèèjì papọ̀ jẹ́ 20, goblin á wá nílò ojú 16 sókè, ìyẹn 5 nínú 20. Àmọ́ Wizard ìpele kìíní lè pe ọfọ̀ ńlá lẹ́ẹ̀mejì péré lójúmọ́, nítorí náà Mage Armor àti Shield kan ti jẹ ẹ́ tán. Bó bá sinmi fún wákàtí kan, ó lè gba ọ̀kan padà. Ó wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n ikú wọ́n jù ú lọ.

Lẹ́yìn náà ni ti kíkúrò níbẹ̀. Bí o bá kàn yíjú tí o sá, ọ̀tá ní ẹ̀tọ́ láti ṣá ọ lẹ́yìn. Gbogbo èèyàn, kì í ṣe Wizard nìkan, ló lè lo Disengage kó lè rìn kúrò láìjìyà. Shocking Grasp jẹ́ ọfọ̀ kékeré tí kò tán. Wàá fi ọwọ́ kan ọ̀tá, mànàmáná á gbá a, kò sì ní lè ṣá ọ bí o bá ń lọ. Ìfọwọ́kàn ni, nítorí náà òfin dáìsì méjì yẹn kò mú un. Bó o bá dé ìpele kẹta, Misty Step á gbé ọ lọ sí ibi tó jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, wàá sì tún ráyè ṣe nǹkan míì.

Bí o bá fẹ́ lù ú padà, Thunderwave ni mo máa kọ́kọ́ dárúkọ. Kò nílò kí o ta dáìsì láti bà á, ọ̀tá ló máa ta dáìsì láti gba ara rẹ̀ là. Ó ń gba nǹkan bí ẹ̀mí 9, goblin sì ní 7 péré. Ẹni tí kò kú á fò sẹ́yìn ní ẹsẹ̀ bàtà 10, bí kò bá rí ara rẹ̀ gbà. Goblin méjì tó dúró síwájú Àbẹ̀kẹ́ ni ì bá jọ jẹ nínú rẹ̀. Bó bá wù ọ́ kí Wizard rẹ mú idà gidi, mú High Elf: wọ́n bí i pẹ̀lú ìmọ̀ idà kúkúrú àti idà gígùn. Bí o bá sì fẹ́ asà, òfin gbà ọ́ láyè láti kọ́ iṣẹ́ Fighter ní ìpele kan. Láti ìgbà tí o bá ti mọ ẹ̀wù irin náà wọ̀, o lè wọ̀ ọ́ kí o sì máa pọfọ̀.

Àwọn apọfọ̀ míì kò tilẹ̀ nílò ìmọ̀ràn mi. Cleric ti ní asà àti ẹ̀wù irin láti ilé. Bó bá dé ìpele karùn-ún tó pe Spirit Guardians, ìjà ojúkojú gan-an ni ibi tó yẹ kó wà, nítorí ọ̀tá tó bá wọ inú ẹsẹ̀ bàtà 15 yí i ká máa jìyà. Druid á fi Shillelagh sọ ọ̀pá lásán di ohun ìjà tó ń lo ọgbọ́n rẹ̀ dípò agbára apá. Warlock tó bá yan Pact of the Blade ní ìpele kẹta á máa pe idà jáde látinú afẹ́fẹ́.

Ẹ̀ṣẹ̀ tèmi

Mo ti ní màá jẹ́wọ́. Ní sáà tó ṣáájú ti Àbẹ̀kẹ́, ọ̀rẹ́ mi kan yá mi ní Tasha's Cauldron of Everything tó jáde lọ́dún 2020, mo sì ṣe Bladesinger. Wizard tó ń jó pẹ̀lú idà ni. Bó bá bẹ̀rẹ̀ orin rẹ̀, á fi Intelligence rẹ̀ kún ààbò rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Ní ìpele kẹfà, ó lè ṣá ọ̀tá lẹ́ẹ̀mejì, ó sì lè fi ọfọ̀ kékeré rọ́pò ọ̀kan nínú méjèèjì.

Ẹ gbọ́ ìṣirò rẹ̀. Pẹ̀lú Dexterity 16, Intelligence 18 àti Mage Armor, ààbò mi jẹ́ 20. Pẹ̀lú Shield, ó di 25. Fighter wa, àbúrò kan tó wà ní 200 level, wọ ẹ̀wù ẹ̀wọ̀n irin pẹ̀lú asà, tirẹ̀ jẹ́ 18. Orc tó ń bà á ní ojú 8 nínú 20 ń bà mí ní 6, bí mo bá sì pe Shield, ojú 1 péré. Òun ṣá lẹ́ẹ̀mejì, èmi náà ṣá lẹ́ẹ̀mejì. Èmi sì tún ní Fireball.

Ohun kan ṣoṣo tó fi jù mí ni ẹ̀mí: tirẹ̀ jẹ́ 58, tèmi 38. Ṣùgbọ́n ta ló ń ka ẹ̀mí ẹni tí wọn kò bà?

Lálẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí mo ti dá gbogbo ẹnu ọ̀nà dì mú fúnra mi, ó gbé fóònù rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, kí lẹ tún nílò mi fún?" Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Sátidé méjì tó tẹ̀ lé e ni kò yọjú. Ìgbà tí mo lọ bá a ní yàrá rẹ̀ ló sọ fún mi pé òun yan Fighter nítorí pé òun fẹ́ jẹ́ ẹni tó dúró síwájú kí àwọn yòókù má bàa kú. "Ẹ kì í kú mọ́," ló wí.

Mi ò ní èsì. Mo pa Bladesinger yẹn tì, mo sì mú Cleric.

Ibo wá ni ààlà wà?

Àwọn tó sọ pé kí Wizard má mú idà rárá máa rí ìtàn yìí, wọ́n á ní, "Ṣé o rí i?" Mo rí i. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Bí ẹnì kan bá lè ṣe gbogbo nǹkan, kò sí ohun tó kù fún àwọn yòókù ju kí wọ́n máa wòran lọ. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè: lórí ìyẹn ni eré yìí dúró. Ẹni tó bá ní ọwọ́ tó tó pẹpẹ tó sì tún wọ kèrègbè ti ba eré jẹ́ fún ilé.

Ṣùgbọ́n wọ́n tún máa ń ní ká kúkú dá gbogbo ẹ̀ dúró, kí Wizard padà sí ọ̀bẹ kékeré àti ẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni mi ò bá wọn lọ. Àbẹ̀kẹ́ wà ní ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn kò gbà á. Goblin kì í bọ̀wọ̀ fún ìlà tá a fà sílẹ̀, Dungeon Master tó bá sì ń jẹ́ kí gbogbo ọ̀tá máa kọjú sí Fighter nìkan ń tàn wá jẹ.

Ààlà tèmi rèé. Kí apọfọ̀ ní ohun tó máa fi yọ ara rẹ̀ nínú ewu, gbogbo apọfọ̀, láti ìpele kìíní. Bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́. Shield, Shocking Grasp, Thunderwave, Misty Step: kò sí ọ̀kan nínú wọn tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Fighter. Ńṣe ni wọ́n ń fún Fighter láyè láti sáré padà wá. Ṣùgbọ́n kí apọfọ̀ jẹ́ ẹni tó ń dúró síwájú, ìyẹn jẹ́ ohun tó yẹ ká bi tábìlì kí a tó ṣe é. Bí kò bá sí Fighter láàárín yín, mú Bladesinger, kí o sì jó títí ilẹ̀ á fi mọ́. Bí tábìlì yín bá jẹ́ ti Pathfinder, mú Magus, ẹni tó ń fi ọfọ̀ sínú idà kó tó ṣá a: gbogbo òfin rẹ̀ wà lórí Archives of Nethys lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ti ní òun fẹ́ dúró sẹ́nu ọ̀nà, fi ẹnu ọ̀nà sílẹ̀ fún un. Pe Haste sí i lára. Dí ọ̀nà ẹ̀yìn rẹ̀. Jẹ́ kó gbà ọ́ là lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bó o bá tilẹ̀ lè gba ara rẹ là.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún Dungeon Master. Àwọn kan sọ fún mi pé ikú wà lára eré, pé tí Wizard ìpele kìíní bá kú, kó ṣe òmíràn. Fún àwa tá a ti ṣe e fún ọdún mẹ́ta, ó rí bẹ́ẹ̀. A ti ní orúkọ mẹ́wàá nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi ọjọ́ mẹ́ta kọ ojú ewé méjì kò ní òmíràn. Ẹ bá a wo ìwé rẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Bí ọ̀tá bá dúró síwájú rẹ báyìí, kí lo máa ṣe?" Bí kò bá mọ ọ́n, ẹ má tíì bẹ̀rẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún ló máa gbà, ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn ni a kò fún Àbẹ̀kẹ́.

Àwọn tó ń ṣe eré yìí gan-an ti ń lọ sí ọ̀nà yìí. Nínú òfin tuntun tó jáde lọ́dún 2024, True Strike ti di ọfọ̀ tí apọfọ̀ fi ń lo ọgbọ́n rẹ̀ ṣá ọ̀tá, Warlock sì lè gba Pact of the Blade láti ìpele kìíní, kó sì fi Charisma jà. Ẹni tó bá ń dúró de ìgbà tí apọfọ̀ máa padà sẹ́yìn á dúró pẹ́.

Fighter wa ti padà, òun ló ń dúró sẹ́nu ọ̀nà báyìí, èmi ni mò ń wo ọgbẹ́ rẹ̀ sàn. Mo kọ̀wé sí àbúrò wa tó ni Àbẹ̀kẹ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Mo sọ fún un pé ìmọ̀ràn tí mo fún un kò dára, kì í ṣe òun ló ṣe àṣìṣe, àti pé bí ó bá fẹ́, a lè ní goblin wọ̀nyẹn kàn fi í sílẹ̀ nínú koto ni, kò kú. Dungeon Master ti gbà. Mo fi orúkọ ọfọ̀ mẹ́ta tó lè fi dí ipò mẹ́ta yẹn ránṣẹ́ sí i, mo sì rán an létí ọ̀bẹ aláṣọ tó wà ní ìgbàdí rẹ̀.

Kò tíì fèsì. Àga rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀ ní gbogbo Sátidé, aago mẹ́rin.